Òtútù Jọ́s Kọ́ Ni Rédíétọ̀: Ẹ Yọ Owó Ètò Omi Sọ́tọ̀ Kí Ẹ Tó Ra Ẹ́ńjìnnì Tòkunbọ̀

Ọ̀rọ̀ mọ́tò la mú wá lónìí. Ẹni tí kò ní mọ́tò náà kó bá wa kà á, torí inú mọ́tò ẹlòmíràn lòun náà máa jókòó sí tó bá ń lọ sílé, ì báà jẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́, ì báà jẹ́ Ọ̀fà tàbí Ìjẹ̀bú.

Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kì. Owó mọ́tò míì ò sí, ilé ìwé ọmọ ń béèrè owó, ilé tí a ń kọ́ lọ́hùn-ún kò tíì kan òrùlé. Ẹni tó ni mọ́tò á gba àjọ, á yá díẹ̀ ní kọ́párétíìfù, á lọ ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀, èyí tí àwọn ará ọjà ń pè ní Bẹ́líjọ́ọ̀mù. Ẹ́ńjìnnì yẹn á gbé gbogbo owó mì. Ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́kù, owó iṣẹ́ mẹkáníìkì ni. Rédíétọ̀ àtijọ́ tó ti ń jò tẹ́lẹ̀, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí i, wọ́n á dá a padà síbi tó wà. Họ́ọ̀sì tó ti le bí igi, wọ́n á fi rọ́bà tí wọ́n gé lára túúbù táyà dì í lẹ́nu. Wọ́n á bu omi kànga sí i, ẹ́ńjìnnì á dún, gbogbo èèyàn á ní "ẹ kú oríire o." Oṣù díẹ̀ sí i, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì á jó, ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí.

Èrò tiwa rèé, ẹni tó bá fẹ́ kó bá wa jiyàn. Owó ètò omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára ló yẹ ká kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀, ká tó mọ ẹ́ńjìnnì tí agbára wa ká. Lójú tiwa, ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo owó tó wà nílẹ̀ kò pọ̀ jù. Tí èyí tó kù kò bá wá tó ra ẹ́ńjìnnì onípúlọ́ọ̀gì mẹ́fà, ká ra onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin, tàbí ká ní sùúrù títí àjọ yóò fi tún kàn wá.

Ohun tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn wa ni pé, "Jọ́s la wà, a ò sí ní Máídúgùrì." Òótọ́ ni, òtútù wà níbí. Ìlú yìí fi nǹkan bí 1,200 mítà ga ju ojú òkun lọ. Ṣùgbọ́n gíga yẹn kan náà ló ń gba ohun tí òtútù fún wa padà. Ní Èkó létí òkun, omi ń hó tó bá dé 100°C. Ní Jọ́s níbí, nǹkan bí 96°C ló ti ń hó. Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ ti se ẹ̀wà ní Èkó rí, tẹ́ ẹ wá ń sè é níbí, ẹ mọ̀ pé ẹ̀wà Jọ́s ń pẹ́ lórí iná. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú rédíétọ̀. Afẹ́fẹ́ orí òkè yìí tún fúyẹ́ ju ti ìsàlẹ̀ lọ, ó fi ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, torí náà ooru tó lè gbé kúrò lára rédíétọ̀ bó ṣe ń fẹ́ kọjá kéré sí ti Èkó.

Ẹ wo Golf 3 tí a ń wà kiri ìlú yìí. Súwíìṣì tó ń tan fáànù rẹ̀ wà lára rédíétọ̀. Láàárín 92 sí 97°C ló máa ń tan fáànù fún ìgbà àkọ́kọ́. Tí ìdérí ike omi bá ti kú, tí kò lè há afẹ́fẹ́ mọ́, a jẹ́ pé omi Jọ́s ti fẹ́ máa hó kí fáànù tó jí. Ìdérí tó dáa ń há agbára mọ́ inú, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí omi hó àfi tó bá kọjá 115°C. Nínú gbogbo ohun tó wà lára ètò omi, ìdérí yìí wà lára àwọn tí owó wọn kéré jù, òun sì ni ẹni tó ń ra ẹ́ńjìnnì kì í rántí. Wọ́n á ra ẹ́ńjìnnì olówó gọbọi, wọ́n á wá fi ọ̀rá àti okùn so ẹnu ike omi. A ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Mọ́tò tó ń lọ láti Terminus sí Búkúrù láàárọ̀ ọyẹ́ kò tíì dán ètò omi wò rárá. Ojú ọ̀nà ilé lọ̀rọ̀ ti ń hàn. Ẹ jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀ ní Hawan Kibo, kó gba Akwanga àti Kẹ́fí kọjá, kó wọ ooru Lọ́kọ́jà ní ọ̀sán gangan, èèyàn méje nínú Sienna, ẹrù lórí, éésì ń ṣiṣẹ́. Àbọ̀ ló tún wá le jù. Nínú oṣù kìíní ọdún, mọ́tò ti ru gàrí, èlùbọ́ àti epo pupa, ó wá fẹ́ gun Hawan Kibo padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Hausa mọ̀ pé gígùn òkè gan-an ni "hawan" túmọ̀ sí. Jíà kejì ni mọ́tò wà, eré ò sí, atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí rédíétọ̀ kéré, ẹ́ńjìnnì sì ń lo gbogbo agbára rẹ̀. Nínú ooru epo bẹntiróò tí ẹ́ńjìnnì ń jó, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni omi gbọ́dọ̀ kó jáde. Ibẹ̀ ni ẹni tó fi rọ́bà túúbù dì họ́ọ̀sì yóò ti rí èéfín funfun níwájú gíláàsì.

Ẹ sì mọ bí ọ̀nà ṣe rí láyé ìsinsìnyí. Nígbà kan, tí mọ́tò bá kọṣẹ́ lọ́nà, ẹ ó tẹ́ ẹní sábẹ́ igi, ẹ ó jẹ ọsàn títí mẹkáníìkì yóò fi dé. Lónìí, tí ilẹ̀ bá ń ṣú tí mọ́tò dúró láàárín Akwanga sí orí òkè, tí ìyá àgbà àtàwọn ọmọ wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀, gbogbo ilé ló ń gbààwẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Họ́ọ̀sì kan ló máa ń fa irú nǹkan báyìí. Ìdí tí a fi ń pariwo nìyí.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí ohun tó ń fa àríyànjiyàn jù, ìyẹn tẹ́mósítáàtì. Mẹkáníìkì tó bá ti ń so ẹ́ńjìnnì tuntun, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ wọn ń yọ dànù nìyẹn. Wọ́n á ní, "Ìlú òyìnbó tí yìnyín wà ni wọ́n ṣe é fún." Rárá o. Ilẹ̀kùn ni tẹ́mósítáàtì. Tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù, ó ti ilẹ̀kùn sí rédíétọ̀ kí omi lè máa yípo nínú ẹ́ńjìnnì nìkan, kó tètè gbóná. Lára ọ̀pọ̀ Toyota, 82°C ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ẹ yọ ọ́ ní Jọ́s láàárọ̀ oṣù Dìsẹ́ńbà, kẹ́ ẹ wa mọ́tò dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ́ńjìnnì kò ní tíì gbóná kẹ́ ẹ tó pa á. Kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, bíréènì bọ́ọ̀sì tí à ń wí, á máa rò pé òtútù ṣì ń mú un, á máa da epo sí i. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì, ẹ ó rí nǹkan funfun kan bí ògì níbẹ̀. Ọ̀rinrin tí kò rí ooru tó máa gbẹ ẹ́ ló para pọ̀ mọ́ ọ́ìlì.

Èyí tó tún wá burú ni pé lára àwọn ẹ́ńjìnnì kan, tẹ́mósítáàtì ní awo kejì lábẹ́. Tí omi bá gbóná, awo yẹn ló ń dí ọ̀nà àbùjá tí omi ń gbà padà sínú ẹ́ńjìnnì láìdé rédíétọ̀. Ẹ yọ tẹ́mósítáàtì, ọ̀nà àbùjá ṣí sílẹ̀ gbayawu, apá kan nínú omi gbígbóná ò ní dé rédíétọ̀ láé. Ẹni tó yọ ọ́ torí kí mọ́tò má baà gbóná, lórí òkè ni mọ́tò rẹ̀ yóò ti hó. Tí ẹ bá ń ṣiyèméjì nípa èyí tí ẹ rà, ẹ fi òwú so ó rọ̀ sínú ìkòkò omi lórí iná, kó má kan ìsàlẹ̀ ìkòkò. Kí omi tó hó, ó yẹ kó ti là. Tí kò bá là, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Fáànù náà lẹ́jọ́ tirẹ̀. Tí wọ́n bá ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, tí wáyà ò bá ara wọn mu, rìwáyà á ní kí ẹ jẹ́ kí òun so ó "dáírẹ́ẹ̀tì," kí fáànù máa yí láti ìgbà tí ẹ bá ti yí kọ́kọ́rọ́. Tí ó bá jẹ́ fún ọjọ́ kan pere, ká lè délé, a fara mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ títí ayé, bátìrì àti fáànù yóò jọ kú ni. Ẹ ní kó fi rìléè àti fíùsì tirẹ̀ sí i, kó sì so ó mọ́ súwíìṣì ooru. Torí Ọlọ́run, ẹ fi bébà kan síwájú rédíétọ̀ kẹ́ ẹ wò ó bóyá fáànù ń fa bébà mọ́ra ni àbí ó ń tì í dànù. Fáànù tó wà lẹ́yìn rédíétọ̀, fífà ló yẹ kó máa fà. Tí wọ́n bá yí wáyà rẹ̀ sódì, á máa bá atẹ́gùn ojú ọ̀nà jà. Ike fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó yí fáànù ká náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n jù ú nù pé kò gba ibẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kí fáànù fa atẹ́gùn gba gbogbo ojú rédíétọ̀, kì í ṣe àárín nìkan.

Àwọn tó ṣì ní Peugeot 504 àti 505, èyí tí wọ́n ń tò ní Kàdúná nígbà kan rí, iṣẹ́ tiyín le díẹ̀. A ti rí 505 tó gbé ẹ́ńjìnnì Toyota. Kò burú, ó ń sáré dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹnu rédíétọ̀ kì í bá ẹnu ẹ́ńjìnnì mu, wọ́n á wá fi páìpù PVC, èyí tí à ń fi fa omi sínú ilé, so họ́ọ̀sì méjì pọ̀. PVC yẹn ń rọ̀ ní nǹkan bí 80°C, omi ẹ́ńjìnnì sì ń kọjá ìyẹn lójoojúmọ́. Páìpù irin ni kẹ́ ẹ fi so ó, kí wẹ́dà ṣe ẹnu rẹ̀ kó wú díẹ̀ kí họ́ọ̀sì má baà yọ́ jáde, kẹ́ ẹ wá fi kílíìpù onískúrù méjì dì í. Họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ náà, tí wáyà tó ká bí sípíríǹgì bá wà nínú rẹ̀, ẹ má yọ ọ́, torí òun ni kì í jẹ́ kí họ́ọ̀sì náà sún pọ̀ nígbà tí pọ́ǹpù bá ń fa omi.

Ẹni tó ń ti ẹ́ńjìnnì kékeré bọ́ sí ńlá, kó ra rédíétọ̀ tó bá ẹ́ńjìnnì ńlá yẹn mu. Kò pọn dandan kó jẹ́ tuntun. Tòkunbọ̀ tó mọ́ dáa, tí wọ́n bá ti da omi sí i tó sì ń tú jáde dáadáa láìjò. Tí mọ́tò bá sì jẹ́ ọ̀tọ̀mátíìkì, ẹ rántí pé ọ́ìlì jíà náà ń gba inú rédíétọ̀ kọjá kó lè tutù. Tí ògiri àárín méjèèjì bá lu, omi á wọ jíà, ẹ ó rí ọ́ìlì jíà tó dà bí mílíìkì aláwọ̀ osùn. A jẹ́ pé owó jíà ti kún owó ẹ́ńjìnnì nìyẹn.

Kí ẹ́ńjìnnì tó wọnú mọ́tò, nígbà tó ṣì wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, ni kẹ́ ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ́ńjìnnì 2.4 inú Camry tí à ń pè ní Big Daddy, 2AZ-FE lorúkọ rẹ̀, ní àrùn kan tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́: ojú ihò tí bóòtù orí ẹ́ńjìnnì ń wọ̀ máa ń jẹ, pàápàá lẹ́yìn lọ́hùn-ún níbi tí ojú ò tó, omi á máa jò níbẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn rẹ̀, kẹ́ ẹ wá àmì omi tó ti gbẹ. Ti Sienna àtijọ́ àti Camry onípúlọ́ọ̀gì mẹ́fà, ìyẹn 1MZ-FE, táímìn bẹ́líìtì ló ń yí wọ́tà pọ́ǹpù. Ẹ pààrọ̀ méjèèjì pọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà nílẹ̀ tí ọwọ́ ń dé gbogbo ibi. Tó bá ti wọ inú mọ́tò tán, ẹ ó san owó iṣẹ́ lọ́tọ̀.

Géèjì ooru wà lára ohun tí a ò gbọ́dọ̀ fojú kéré. Sẹ́ńsọ̀ tó wà lára ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ lè má bá géèjì inú mọ́tò yín mu. Abẹ́rẹ́ á dúró sí àárín ṣángílítí, dírẹ́bà á fọkàn balẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì máa sè. Ẹ ní kí mẹkáníìkì yọ sẹ́ńsọ̀ géèjì lára ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kó dè é mọ́ tuntun, tí ojú ihò rẹ̀ bá gbà á. Lára ọ̀pọ̀ mọ́tò, sẹ́ńsọ̀ géèjì yàtọ̀ sí ti kọ̀ǹpútà o, kí wọ́n má lọ pààrọ̀ wọn síra.

Omi kànga ńkọ́? Àti omi inú kòtò kùsà tí àwọn kan ń bù? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn fọ mọ́tò. Yìnyín kọ́ là ń sá fún tí a fi ń ra kúláǹtì. Ó ń dènà ìpẹtà, ó ń dáàbò bo wọ́tà pọ́ǹpù, kì í sì í jẹ́ kí omi tètè hó. Bí ẹ bá ń da á sí i, kí ojú mọ́tò kọ òkè díẹ̀, kẹ́ ẹ ṣí hítà sí gbígbóná, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ títí afẹ́fẹ́ tó há sínú yóò fi jáde tán. Ẹ gbọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé họ́ọ̀sì hítà dànù. Ní Èkó wọ́n lè gé e, kò sẹ́ni tó máa bi wọ́n. Jọ́s yìí wà lára àwọn ìlú díẹ̀ ní Nàìjíríà tí hítà mọ́tò ti wúlò. Lọ́jọ́ tí mọ́tò bá sì fẹ́ hó lórí òkè, ẹ pa éésì, ẹ tan hítà dé gbígbóná jù, kẹ́ ẹ wá ibi tó dáa dúró. Òógùn á bò yín, ṣùgbọ́n ó ń fa ooru díẹ̀ jáde lára ẹ́ńjìnnì. Ẹ má ṣí ìdérí nígbà tó bá ń hó, ẹ má sì bu omi tútù lu ẹ́ńjìnnì, ó lè sán.

A mọ̀ pé àwọn kan á ní owó là ń wí yìí, níbo ni ká ti rí i? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ lọ́nà mìíràn. Ìdérí, tẹ́mósítáàtì, họ́ọ̀sì méjì, kílíìpù, kúláǹtì, rìléè: gbogbo wọn pọ̀ kò tó owó tí ẹ ó fi tún ẹ́ńjìnnì kan tú lẹ́ẹ̀kan, ká má tíì dárúkọ gásíkẹ́ẹ̀tì àti owó tọ́ọ̀nà tó máa tẹ́ orí ẹ́ńjìnnì. Tí ẹ́ńjìnnì bá sì ti hó lọ́wọ́ yín, ẹni tó tà á fún yín kò ní gbà á padà, ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Ẹ má sì di gbogbo ẹ̀bi ru mẹkáníìkì. Ọ̀pọ̀ wọn mọ ohun tí a ń sọ yìí ju àwa lọ. Wọ́n á ní, "Alhaji," tàbí "Màmá, rédíétọ̀ yìí ò dáa," àwa ni a máa ń dáhùn pé kó ṣáà bá wa so ó, ọjọ́ Sátidé la fẹ́ rìnrìn àjò.

Ìyẹn gan-an ló yẹ ká jáwọ́ níbẹ̀. Tí ó bá jẹ́ ìrìn àjò Kérésìmesì tàbí Iléyá lẹ fẹ́ fi mọ́tò yẹn rìn, kí ẹ́ńjìnnì ti wọlé ní oṣù kan ṣáájú. Ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lójú kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, bọ́nẹ́ẹ̀tì ní pípadé, kẹ́ ẹ wo bóyá fáànù ń tan tó sì ń kú fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sínú gósíló Búkúrù lọ́sàn-án, pẹ̀lú éésì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, ẹ wo omi inú rédíétọ̀. Tó bá ti dín, ó ń lọ síbì kan, kí mẹkáníìkì wá ibẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ di ẹrù díẹ̀ sí i lójú ọjọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Hawan Kibo, kẹ́ ẹ tún gùn ún padà, ojú yín lórí géèjì.